Mẹ́rin Ń Sùn

Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra píkọ́ọ̀pù yìí,
tòkunbọ̀ aláwọ̀ eérú, sílíńdà mẹ́jọ,
kí n lè máa fi kó kòkó láti Ìdànrè wá sí Àkúrẹ́.
Ẹni tó tà á fún mi sọ̀rọ̀ táyà, ó sọ̀rọ̀ bátìrì,
kò sọ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ a máa sùn.

Fámúrewà ló tú àṣírí,
lábẹ́ ọkọ̀, ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì lọ́nà Òǹdó,
sálúbàtà rẹ̀ nìkan ni mo ń rí.
"Tíṣà, ọkọ̀ yín gbọ́n jù.
Bí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí ẹrù ò wúwo,
á ní kí mẹ́rin sinmi nínú mẹ́jọ,
kí epo má baà tètè tán.
Ẹ dé ẹsẹ̀ òkè, á jí wọn."

Mo ní, kí ló burú níbẹ̀?
Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo báyìí,
ta ni kò ní fẹ́ kí ìdajì ilé rẹ̀ sùn láìjẹun?

Ó yọ́ jáde. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.
"Oorun kọ́ ló ń pa wọ́n, Tíṣà. Jíjí ni."

Ó fi lífítà kan hàn mí, ti ọkọ̀ ẹlòmíràn,
kò ju àtàǹpàkò mi lọ,
ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti jẹ lọ bí eyín arúgbó.
Sísùn, jíjí, sísùn, jíjí, nínú ọ́ìlì tó ti dúdú,
títí ọjọ́ kan á fi há,
á sì máa ha kámúṣáàfù jẹ.
"Ẹ fetí sí tiyín."
Mo fetí sí i: kó, kó, kó,
bí ìka ẹni tó wá gba owó ilé.

Ohun kékeré kan wà, ó ní, kò ju páálí ìṣáná lọ,
a ó tì í bọ abẹ́ sítíárì,
kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn mọ́.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàdọ́rùn-ún náírà.
Epo á sì máa lọ sí i.
Tàbí kí a tú gbogbo ẹ́ńjìnì. Ìyẹn, kò dárúkọ iye rẹ̀.
Ó kàn wo ojú mi, ó wo ilẹ̀.

N kò dáhùn. Mo wa ọkọ̀ lọ.

Àbúrò mi Akínṣọlá ló wá sí mi lọ́kàn.
Mẹ́jọ ni wá nínú oko bàbá wa lẹ́yìn Aládé.
Ní ọ̀sán tí iṣẹ́ kò pọ̀, bàbá á ní kí mẹ́rin fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ igi.
Bí òjò bá ṣú, á pariwo: "Ẹ dìde! Kòkó wà lórí ẹní!"
Lọ́jọ́ kan Akínṣọlá ta gìrì dìde, oorun ṣì wà lójú rẹ̀,
ojú àdá ló dì mú, ó ṣe bí èèkù ni.
Ìka méjì.
Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn lóko mọ́ títí ó fi kú,
a sì bínú sí i fún ìyẹn.

Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́, kí àpáta Ìdànrè tó yọjú,
mo pa rédíò, mo yí gíláàsì wálẹ̀.
Ohùn ẹ́ńjìnì rẹlẹ̀.
Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi gbọ́ ọ ní kíláàsì:
kì í ṣe pé ó yé wọn.

Lọ́jọ́ Ajé mo padà sọ́dọ̀ Fámúrewà.
"Fi í sí i."
"Ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?"
N kò rò ó dáadáa. Bí epo bá tún wọ́n sí i,
bóyá èmi fúnra mi ni màá fà á yọ.
Àmọ́ n kò fẹ́ pe orúkọ mọ́
kí mẹ́rin máà dáhùn.

Ó tì í wọlé. Iná kékeré kan tàn, àwọ̀ ewé.
Mo ṣáná sí ọkọ̀. Mo ń kà wọ́n bí ẹni ń ka rẹ́jísítà
títí mo fi dé Ìsìkàn.
Wọ́n pé.
Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́.